Ìbọn Tó Ń Dún Nílé Nìkan

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní dúró de ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ọdẹ́lékè, ará Agbọ́nlé. Mo ti pa ẹkùn méjì, mo sì ti sá fún mẹ́ta. Bí ọdẹ kan bá sọ fún yín pé òun pa ẹkùn márùn-ún láìsá fún ọ̀kan, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ti kúrò nídìí ààrò rí. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, iwin yẹn ló sì fọ àwo. Àwọn ohun tó ń gbé inú igbó kì í bí mi nínú, nítorí ilé wọn ni wọ́n wà, èmi ni mo lọ bá wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú láyé yìí, ìyẹn ni ìbọn tí ènìyàn bá fà tó sì kọ̀ láti dún. Ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú fún yín, bí èmi àti ọkọ àbúrò mi ṣe lọ sí Igbó Àìdúró-Sójúkan, àti ohun tí ojú wa rí níbẹ̀. Mi ò ní sọ bí a ṣe sùn àti bí a ṣe jí, mi ò sì ní sọ bí a ṣe sun iṣu. Iṣu sísun kì í di ìtàn, àfi tó bá jóná.

Ògúnmákin lorúkọ ọkọ àbúrò mi. Òun ló ń rọ ìbọn fún gbogbo ọdẹ Agbọ́nlé nígbà náà, òun ló sì fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá mi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn, ìbọn rẹ̀ rẹwà. Ọrùn rẹ̀ gùn bí ti lékeléke, ibi tí irin rẹ̀ ti pàdé igi sì fún débi pé èèrà kò lè ráyè kọjá. Bó bá rọ ọ̀kan tán, yóò dúró di ọ̀sán tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Yóò jọ ẹ̀tù bí ẹni ń jọ èlùbọ́, yóò fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu òkúta ìbọn, yóò gbé ìbọn náà lé orí ìtì igi kan tó gbẹ́ sí iwájú àgbẹ̀dẹ rẹ̀, yóò wá fà á. Gbàà! Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Yóò gbé e lé ọ lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ìyàwó léni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbé ìbọn yẹn dé inú igbó tí ìrì ti sẹ̀ sí, kí ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n, kí ẹ̀tù inú àdó rẹ jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé ń rí lò, kí ìmàdò wá máa bọ̀. Wàá fà á. Kẹ́ṣẹ́! Ohun tí wàá gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìgbà tí arúgbó bá pa ẹ̀pà.

Mo lọ bá a lẹ́ẹ̀kíní, ó ní, “Àna mi, ẹ̀tù yín ló tutù.” Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Àna mi, ẹ ò dúró dáadáa nígbà tí ẹ ń fà á.” Mo ní, “Ògúnmákin, ìmàdò ń lé mi! Báwo lo ṣe fẹ́ kí n dúró dáadáa?” Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó nù ún, ó gbé e lé ìtì igi, ó fà á. Gbàà! Ó wá wo ojú mi bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òpùrọ́ kì í bíni nínú tó ẹni tó ń sọ òótọ́ tí òótọ́ rẹ̀ kò sì wúlò fún ọ. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ògúnmákin kò kúrò nídìí ẹwìrì rẹ̀ rí. Ọ̀nà tó jìn jù tó tíì gbé ìbọn dé ni láti iná dé ibi ìtì igi yẹn, kò sì ju ìṣísẹ̀ méje lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ẹfọ̀n kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí oko wa. Ó kan obìnrin kan pa lórí ebè iṣu rẹ̀. Ọdẹ́tádé, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ọdẹ, jáde sí i pẹ̀lú ìbọn tuntun. A bá òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà odò. Ẹ̀tù wà nínú ìbọn, ọta wà nínú rẹ̀, ìka Ọdẹ́tádé sì ṣì há síbi tí a ń fà. Ó ti fà á. Ìbọn ni kò dún. Mo gbé ìbọn náà lọ sí àgbẹ̀dẹ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, mo sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ògúnmákin. Ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ó nu òkúta ìbọn. Ó da ẹ̀tù tuntun sí i. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbé e lé ìtì igi. Gbàà! Ó yíjú sí mi, omijé ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Àna mi, ẹ ò rí i? Kò sí ohun tó ṣe é.”

Mo di í lọ́rùn ẹ̀wù mú. Olúọ́dẹ wa ti máa ń sọ ọ́ pé láyé àwọn baba ńlá wa, alágbẹ̀dẹ kì í gba òmìnira iṣẹ́ láìkọ́kọ́ lọ sí Igbó Àìdúró-Sójúkan, lọ́dọ̀ Ìyá Olójú-Ọjọ́, kó lọ kọ́ apá kejì iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n pa àṣà náà tì, wọ́n ń kọ́ apá kan, wọ́n ń pè é ní odidi. Mo ní, “O máa bá mi lọ síbẹ̀, lọ́la.” Ó ní, “Àna mi, alágbẹ̀dẹ ni mí, n kì í ṣe ọdẹ.” Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́ sí ara aṣọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un lọ. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, òjò kò tíì pa á rí. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí ló ti sá wọlé. Ẹ jẹ́ kó lọ rí òjò.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ògúnmákin kó ìbọn mẹ́ta tó dára jù lọ, ó gbé ẹwìrì kékeré kọ́ èjìká, ó kó òòlù àti ẹmú sínú àpò. Bó ṣe ń rìn tẹ̀lé mi, ó ń fi ọwọ́ bo ìbọn kí ìrì má baà kán sí i. 

Igbó yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú oòrùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ á bọ́ sínú òjò. Igi kan á máa wọ́wé bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa yọ ọ̀mùnú. A kò tíì rìn jìnnà tí kùrukùru fi dí wa lójú, ohùn kan sì ti inú rẹ̀ jáde pé, “Ta ní ń tẹ ibùsùn mi mọ́lẹ̀?” Ọkùnrin kan dìde. Kò ní egungun kankan, kùrukùru ni gbogbo ara rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó. Ó ní òun ni Baba Kùrukùru, ó ní ẹni tó bá máa kọjá yóò kọ́kọ́ já àlọ́ kan. “Àlejò kan wọ ilé tí a tì, kò já ilẹ̀kùn. Ó jáde níbẹ̀, kò gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé fẹ́ lo ohun ìní rẹ̀, ó rí i pé kò ní nǹkan kan mọ́. Ta ni àlejò náà?”

Ògúnmákin ní, “Olè ni.” Baba Kùrukùru ní, “Mo sọ pé kò gbé nǹkan kan, adití.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó ń yí wa ká, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há sí mi láyà bíi pé mo wà lábẹ́ odò. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní, “Gbé ìbọn kan wá!” Ògúnmákin fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ fà á, àna mi, èyí á dún!” Mo fà á. Kẹ́ṣẹ́! Baba Kùrukùru rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo ewé igi ń kán omi. Ó ní, “Ọ̀rinrin ni orúkọ àlejò náà. Èmi ni. Láti ìgbà tí ẹ ti wọ inú mi ni mo ti wà nínú ìbọn yín.” Ó gbé ìbọn náà mì bí ẹni ń gbé ọ̀kẹ̀lẹ̀ mì. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọgbọ́n kì í tán nínú mi. Mo já ẹwìrì kúrò léjìká Ògúnmákin, mo dojú rẹ̀ kọ ikùn Baba Kùrukùru, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ bí ẹni tí iná ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọ́n ká sáàárín igi, apá kan lọ síhìn-ín, apá kan lọ sọ́hùn-ún, ó ń pariwo pé kí n dúró kí òun kó ara òun jọ. Ta ni yóò dúró? A fi ẹsẹ̀ fẹ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ògúnmákin sọ nígbà tí a dúró mí: “Àna mi, bí kò bá sí ọ̀rinrin, ìbọn yẹn ìbá dún.”

 Mo ka igi mẹ́wàá kí n má baà lù ú.

A bọ́ sínú ọyẹ́. Ètè wa ya, awọ àpò mi le bí pákó. Ẹranko kan jáde sí wa, n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ní ìwo bíi ti ẹfọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ògòǹgò, ìdí rẹ̀ sì rí bí èyí tí wọ́n ṣèèṣì pààrọ̀ nígbà tí wọ́n ń dá a. Kò béèrè àlọ́, ó kàn sáré sí wa ni. Mo gbé ìbọn kejì sójú, mo fẹ́ fà á, ni ìdí ìbọn bá là sí méjì lọ́wọ́ mi. Ọyẹ́ ti fún igi náà pọ̀, irin kékeré tó ń gbá òkúta sì jábọ́ sínú koríko. A gun igi, ìwo ẹranko náà sì ya bàtà kan kúrò lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ sókè. Ògúnmákin di ẹ̀ka mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Igi gidi ni mo fi ṣe ìdí ìbọn yẹn. Bí ọyẹ́ kò bá le tó báyìí…” Mo ké mọ́ ọn lórí igi níbẹ̀, mo ní, “Ògúnmákin! Ta lo fẹ́ kó lọ bá ọyẹ́ sọ̀rọ̀? Ta lo fẹ́ kó bẹ òjò? Ṣé kí n máa sọ fún ẹfọ̀n pé kó ní sùúrù kí n kọ́kọ́ nu òkúta ìbọn mi?”   A wà lórí igi náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ lápá ibẹ̀, tí ẹranko náà sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ó jọ pé òun náà kò fẹ́ kí òjò pa òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún Ògúnmákin pé mo ti rí ẹbí rẹ̀.

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí a dé gbàgede tó wà láàárín igbó náà, a rí Ìyá Olójú-Ọjọ́. Ó jókòó lórí àpáta, ó tóbi ju ilé lọ, orí rẹ̀ funfun. Oòrùn ń ràn ní èjìká ọ̀tún rẹ̀, òjò ń rọ̀ ní ti òsì, ọyẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ìjì sì ń sùn nínú irun rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ mẹ́fà dúró yí i ká, ẹni kan kò sì jọ ẹnìkejì. A dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Èwo nínú yín ni alágbẹ̀dẹ?” Ògúnmákin ní, “Èmi ni, Ìyá.” Ó ní, “Ta lo ń rọ ìbọn fún?” Ó ní, “Àwọn ọdẹ Agbọ́nlé ni, Ìyá.” Ó ní, “Irọ́ lo pa. Ìtì igi lo ń rọ ìbọn fún. Ìtì igi kì í bẹ̀rù, ọwọ́ rẹ̀ kì í làágùn, kì í gbàgbé, kì í sá. Ìtì igi ni ìbọn rẹ mọ̀. Kò mọ ọdẹ kankan.” Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnmákin lára bí ẹ̀gún. Èmi ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́jọ, kò wọ̀ ọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ layé rí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ará ilé bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ariwo ni.

Ìyá Olójú-Ọjọ́ gbé àdánwò kan kalẹ̀ fún wa. Ó ní kí Ògúnmákin ṣe ìbọn kan. Àwọn ará ilé òun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fà á, olúkúlùkù lẹ́ẹ̀kan, ní irú ojú ọjọ́ tó bá wu òun, pẹ̀lú irú ẹ̀tù tó bá wu ẹni tó ń fà á. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ká máa lọ. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ògúnmákin yóò jókòó ti ẹwìrì òun títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi tẹ́ ilẹ̀, èmi yóò sì di òkúta tí àwọn ẹran òun ń fi ara họ. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í fi ẹ̀rù rẹ̀ han igbó. Mo ní, “Ìyá, a gbà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé, ẹ yá wa ní àwọn ará ilé yín, kí wọ́n máa ba ìbọn jẹ́ lọ́wọ́ wa bó bá ṣe wù wọ́n. Èyí tó bá bàjẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kò sí lára ìkùnà.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, oòrùn ràn díẹ̀ sí i. Ó ní, “Ọdẹ, o gbọ́n ju ẹni tó o mú wá lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Ṣé ẹ rò pé Ògúnmákin lo àǹfààní yìí? Odidi ọjọ́ kìíní, ńṣe ló ń kọ́ àwọn ará ilé náà ní ìwà. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Omi, tí omi ń sun láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ìsun. Ògúnmákin ń fún un ní aṣọ pé kó nu ọwọ́. Ọlọ́wọ́-Omi ní, “Alágbẹ̀dẹ, bí mo bá nu ọwọ́ mi gbẹ, ṣé èmi náà ló ṣẹ́ kù?” Òmíràn wà tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, Ògúnmákin ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Arúgbó obìnrin kan wà tí ìka rẹ̀ kò lágbára tó láti fa òwú. Ògúnmákin ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo agbára. Mo jókòó sí abẹ́ igi, mo ń wò ó, mo ń bá orí mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gba ìbọn kẹta lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi lé Ọlọ́wọ́-Omi lọ́wọ́, mo ní, “Fà á.” Kẹ́ṣẹ́! Mo fún Agbọ̀nbíewé. Kẹ́ṣẹ́! Mo fún arúgbó, kò lè fà á rárá. Mo ní, “Ògúnmákin, àwọn wọ̀nyí gan-an ni Ọdẹ́tádé. Àwọn ni èmi. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bọ̀ wá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ. Yálà kí o yí ìbọn padà, tàbí kí o lọ wá ayé mìíràn.”

Ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ní, “Ọlọ́wọ́-Omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kó kọ̀. Mo fẹ́ rí ibi tó ti ń kọ̀.” Ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ojú bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà tí ìbọn bá dún ló ń wò. Kò tíì wo ìgbà tó bá kọ̀ rí.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹlòmíràn. Ó fẹ ihò tí iná ń gbà wọlé, nítorí ihò tóóró ni ọ̀rinrin ń dí. Ó fi awọ èsúró tó ti rẹ sínú òrí bo ojú ẹ̀tù. Ó lo òkúta ìbọn tó tóbi ní ìlọ́po méjì, kó lè ta iná bí kò tilẹ̀ bà á dáadáa. Ó gbé igi oríṣi márùn-ún sínú oòrùn, sínú òjò, sínú ọyẹ́, ó ń wọ̀n wọ́n pẹ̀lú okùn lójoojúmọ́. Kò mú èyí tó rẹwà jù, èyí tí ara rẹ̀ kò yí padà ló mú, ó sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín igi àti irin kí igi náà lè ráyè wú. Ó sọ ìdí irin náà di kíki, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ará ilé náà a máa da ẹ̀tù sí ìbọn bí ẹni ń da gààrí sómi. Irin kíki wúwo, nítorí náà ó gé ọrùn ìbọn kúrú. Ìbọn tó ń bá ẹran ní ọgọ́rin ìṣísẹ̀ wá di èyí tí kò kọjá ọgọ́ta. Ìyẹn dùn ún wọ egungun. Ó gbé e sókè, ó ní, “Àna mi, ẹ wò ó. Ó rí bí ọmọ odó.” Mo ní, “Ọmọ odó kò tíì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Ìyá Olójú-Ọjọ́ yí èjìká padà, ó mú òjò wá. Ọlọ́wọ́-Omi fà á. Gbàà! Ó mú ọyẹ́ wá, Agbọ̀nbíewé fà á, apá rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Gbàà! Arúgbó fi ìka méjì fà á nínú ìjì, ó dún, ó sì gbé arúgbó náà jókòó. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dún lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹnìkẹfà ni wọ́n ń pè ní Kòkàn-mí. Ó ti ju ìbọn náà sínú ẹrọ̀fọ̀, ó jókòó lé e, ó fi ẹ̀tù tó tutù tó sì ní iyanrìn kún un, kò nu nǹkan kan. Ó fà á. Kẹ́ṣẹ́!  Mo wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó ti ń di òkúta. Mo ti fi ojú inú rí àwọn ẹran tó ń bọ̀ wá họ ara. Nígbà náà ni nǹkan ń ṣe ṣíì nínú ìbọn, ṣíì, ṣíì, bí epo tó ń gbóná, ó sì dún: gbòòò!

Ìyá Olójú-Ọjọ́ ní, “Ó pẹ́ kó tó dún.” Mo fò dìde. Mo ní, “Ìyá, ẹ ní kó dún ni. Ẹ ò sọ pé kó yára. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni mo dì mú.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọdẹ, o ti borí. Ẹ máa lọ.” Mo ti gbé àpò kọ́ èjìká, mo ti ń wá ọ̀nà tí ó jáde, ni mo bá gbọ́ ohùn Ògúnmákin lẹ́yìn mi tó ní, “Rárá, Ìyá. Òótọ́ lẹ sọ. Ó pẹ́. Ọdẹ tó bá dúró tó bẹ́ẹ̀ ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta sí i.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹnu mi ya, kò lè padé. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún wa, ọkùnrin yìí ń tì í padà! Mo fà á lápá, mo ní, “Ṣé orí rẹ pé? Ṣé o mọ̀ pé tó bá kọ̀ báyìí, òkúta ni mí?” Ìyá Olójú-Ọjọ́ ní, “Ìlérí àkọ́kọ́ náà ṣì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.” Ògúnmákin ní òun gbà. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó wò mí, ó ní, “Àna mi, bí mo bá gbé èyí délé báyìí, mo máa pa ẹlòmíràn.” Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Mo gbé àpò mi sílẹ̀. Mo bú u ní ọ̀nà mọ́kànlá, ìdílé rẹ̀ kò gbẹ́yìn, mo sì bá a fẹ́ ẹwìrì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó rí níkẹyìn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ: omi ń dúró sábẹ́ ẹ̀tù, kò rí ọ̀nà jáde. Ó lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ. Lọ́jọ́ tó pé, Kòkàn-mí tún jókòó lé e nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo di ojú mi. Gbàà! Kò sí ṣíì kankan nínú rẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà, nígbà tí mo sì la ojú, kò sí Ìyá Olójú-Ọjọ́ mọ́, kò sí ará ilé rẹ̀. Èmi àti Ògúnmákin nìkan la dúró nínú òjò lásán, Ògúnmákin kò sì wá ibi tó máa sá sí.

Ní ẹnu ààlà oko Agbọ́nlé la ti pàdé ẹfọ̀n yẹn, ní kùtùkùtù. Ibà ń ṣe mí, eyín mi ń lu ara wọn. Ìbọn ti bọ́ sínú odò lọ́wọ́ Ògúnmákin nígbà tí a ń sọdá, a kò sì ráyè gbọn omi inú rẹ̀ dànù tán. Ẹfọ̀n náà rí wa kí a tó rí i. Ó ṣe imú fìn-ín, ó sọ orí kalẹ̀, ó ń bọ̀. N kò dúró dáadáa, n kò nu nǹkan kan. Mo jẹ́ kó sún mọ́ mi tó ogójì ìṣísẹ̀, mo fà á. Ẹfọ̀n náà fi orúnkún kúnlẹ̀, ó sì fi imú wọ́ ilẹ̀ títí dé iwájú ẹsẹ̀ mi. Ògúnmákin kò hó, kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sínú koríko tútù, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń pe orúkọ Ọdẹ́tádé.

Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, a kò sì tíì gbé òkú ọdẹ kankan wọ Agbọ́nlé nítorí ìbọn tó kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìfòòró mi parí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba ìbọn tuntun tó ti ń rọ fún mi láti oṣù mẹ́ta. Mo bá a tó ń rẹ ìbọn náà sínú ìkòkò omi. Ó ti fún ìyá àgbà kan tí kò ríran fà, ó ti fún ọ̀mùtí kan lẹ́yìn tó yó, ó ti sọ ọ́ sílẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Gbogbo rẹ̀ ni ìbọn náà ń dún. Mo ní, “Ògúnmákin, ó ti tó! Ìbọn yìí dára. Gbé e fún mi, kí n máa lọ.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Àna mi, ọjọ́ wo lẹ máa fà á?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, “Báwo ni ojú ọjọ́ á ti rí lọ́jọ́ náà?” Mo ní, báwo ni mo ṣe lè mọ̀? Ó ní, “Ṣé ara yín á le? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fà á, àbí ọmọ yín tó ń sá bọ̀ wá gbà yín sílẹ̀?” Inú bí mi, mo ní, “Mo ní n kò mọ̀!”

Ó na ọwọ́ sínú ìkòkò, ó yí ìbọn náà sí ìhà kejì. Ó ní, “Èmi náà kò mọ̀, àna mi. Ẹ lọ jókòó sílé, ó di ọ̀la.”